Lójú Ọ̀nà Ogun Ẹrú: Láti Harpers Ferry dé Appomattox

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Harpers Ferry àti Charles Town

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi kúrò nílé ní Bowie, ìpínlẹ̀ Maryland. Olùkọ́ ìtàn ni ẹ̀gbọ́n ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí wọ́n gba físà ni wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn kò wá wo ilé gogoro New York, ibi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ara wọn jagun nítorí ẹrú ni kí n mú àwọn lọ. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a kó ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díndín àti omi sínú kúlà, ó di ojú ọ̀nà.

Ọ̀nà tẹ́jú títí a fi kọjá Frederick. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ga lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí odò Potomac àti odò Shenandoah ti pàdé ni Harpers Ferry wà, òkè yí i ká, àwọn ilé òkúta àtijọ́ rẹ̀ sì fún mọ́ra lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Dọ́là 20 ni wọ́n gbà lórí ọkọ̀ wa. Ẹ má wa ọkọ̀ yín wọ ìsàlẹ̀ ìlú o, kò sí àyè. Ẹ gbé e sí òkè níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, bọ́ọ̀sì wọn á gbé yín sọ̀kalẹ̀.

Ilé bíríkì kékeré kan ni gbogbo ènìyàn ń wá wò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹ̀rọ panápaná sí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ká John Brown mọ́ ní oṣù October 1859. Òyìnbó onígbàgbọ́ ni Brown, ó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ní ẹrú, àti pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni yóò wẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà kúrò lórí ilẹ̀ náà. Òun àti ọkùnrin 21 ló múra láti gba ilé ìkóhun-ìjà ìjọba tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kó ìbọn fún àwọn ẹrú. Aláwọ̀ dúdú ni márùn-ún nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yìí, Dangerfield Newby, ti di òmìnira, ṣùgbọ́n Harriet ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ṣì wà lóko ẹrú ní Virginia. Nígbà tí wọ́n pa á, wọ́n bá lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ lára rẹ̀. Obìnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè wá ra òun kí olówó òun má baà ta òun fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, wọ́n tà á lọ sí Louisiana. Mo ka èyí, mi ò lè kúrò lójú kan fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìbọn àwọn Brown fúnra wọn pa sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú òmìnira, Heyward Shepherd, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ó dára tí wọn kò fi ìyẹn pa mọ́. Ọ̀gá sójà tí ìjọba rán wá láti mú Brown ni Robert E. Lee. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a lọ sí Charles Town, máìlì mélòó kan sí ibẹ̀. Kóòtù tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Brown ṣì dúró. Ọjọ́ 2 oṣù December 1859 ni wọ́n so ó kọ́ nílùú yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Brown ló gbé ẹ̀gbọ́n wá sí Charles Town. Ọmọ bíbí ìlú náà kan ni wọ́n ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ìyẹn Martin Delany, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1812. Ẹrú ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ òmìnira. Ìyá náà kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà, èyí tí òfin Virginia tó ń darí ìlú náà nígbà yẹn kò fàyè gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà lu síta, ó kó wọn sá lọ sí Chambersburg ní Pennsylvania ní 1822.

Ní oṣù tí wọ́n so Brown kọ́ yẹn gan-an, Abẹ́òkúta ni Delany wà. Ọjọ́ 27 oṣù December 1859, òun àti Robert Campbell, ẹlẹgbẹ́ ìrìn-àjò rẹ̀, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá, pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wá tẹ̀ dó sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí wọ́n máa gbin òwú, kí òwú wọn sì bá ti àwọn olówó ẹrú Amẹ́ríkà du ọjà. Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù ní Abẹ́òkúta, kò fẹ́ ẹ, ogun Ìjàyè náà sì bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn náà ṣe fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Campbell padà wá jókòó sí Èkó, ó sì dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Delany padà sí Amẹ́ríkà, ogun sì bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú kóòtù náà, wọ́n ní, "Àbúrò, láti ìlú yìí dé ààfin Aláké. Wọ́n kọ́ wa ní Townsend, wọn ò kọ́ wa ní ọkùnrin yìí."

Hòtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí kò ju dọ́là 85 lọ. Ó mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ Àìkú: Antietam

Sharpsburg, ìlú tí pápá ogun Antietam wà, kò jìnnà sí Harpers Ferry, a ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe ń wa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Oṣù November 1860 ni wọ́n dìbò yan Abraham Lincoln. Kò sọ pé òun yóò tú ẹrú kankan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti wà. Ohun tó sọ ni pé kí ẹrú níní má tún ràn dé àwọn ilẹ̀ tuntun lápá ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn nìkan ti tó. South Carolina ya kúrò lára Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 20 oṣù December ọdún náà, àwọn mìíràn tẹ̀lé e títí wọ́n fi pé ìpínlẹ̀ 11, wọ́n sì fi Jefferson Davis ṣe ààrẹ tiwọn. Àwọn yìí ni mo ń pè ní Gúúsù, àwọn tó jà fún ìjọba àpapọ̀ ni Àríwá. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ jà. Ẹni tó bá ka ohun tí àwọn tó ya kúrò kọ fúnra wọn kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mississippi kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹrú ni àwọn dúró lé lórí. Alexander Stephens, igbá-kejì Davis, sọ ọ́ ní gbangba ní Savannah ní March 1861 pé ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun náà ni pé aláwọ̀ dúdú kò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba. Ẹrú tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́rin. Òwú tí wọ́n ń gbìn ló ń gbé ọrọ̀ ilẹ̀ náà ró. Kí ló tún kù tí wọ́n ń jà sí?

Ọjọ́ 12 oṣù April 1861 ni àwọn Gúúsù yìnbọn àgbá sí Fort Sumter, odi ogun ìjọba àpapọ̀ ní Charleston, South Carolina. Ogun bẹ̀rẹ̀. Ẹnu Lincoln nígbà náà ni pé ogun ìṣọ̀kan ilẹ̀ ni, kì í ṣe ti ẹrú. Ọdún kan àbọ̀ kọjá kí ẹnu náà tó yí, pápá Antietam yìí sì wà lára ohun tó yí i.

Pápá àgbàdo àti koríko ni, ó lọ salalu, ẹyẹ ń ké. Dọ́là 20 náà ni wọ́n gbà níbẹ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, nítorí eégbọn pọ̀ nínú koríko yẹn. Àrùn tó ń ti ara eégbọn wá lórílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe kékeré, bí ẹ bá dé hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ yẹ ara yín wò dáadáa.

A bẹ̀rẹ̀ níbi ṣọ́ọ̀ṣì funfun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Dunker Church. Ìjọ tí ìgbàgbọ́ wọn kò gbà wọ́n láàyè láti jagun ló ni ín, ẹnu ọ̀nà wọn ni ogun sì wá bá wọn. Ọjọ́ 17 oṣù September 1862, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí a kò rí mọ́ tó nǹkan bí 23,000. Ọjọ́ kan ṣoṣo o. Amẹ́ríkà kò tíì rí ọjọ́ ogun tó fi ẹ̀jẹ̀ ṣòfò tó bẹ́ẹ̀ rí, títí di òní.

Ibi tó mú ẹsẹ̀ mi wúwo ni ọ̀nà kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn àgbẹ̀ ti gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn ọmọ ogun Gúúsù sá sínú rẹ̀ bí ẹni wọ yàrà, wọ́n ń yìnbọn jáde. Nígbà tí ti Àríwá rí igun ibi tí wọ́n ti lè yìnbọn sí gbogbo gígùn rẹ̀, òkú kún un débi tí wọ́n ń pè é ní Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀ títí dòní. Mo rin ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èjìká mi gan-an ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga mọ láwọn ibì kan. Ilé ìṣọ́ òkúta kan wà lẹ́bàá rẹ̀ tí ẹ lè gùn láti rí gbogbo pápá náà. Ẹ̀gbọ́n dúró nísàlẹ̀ nítorí orúnkún wọn.

Lee ló kó ọmọ ogun Gúúsù wá síbẹ̀, ó sì ní láti padà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Lincoln kéde pé bí ó bá di ọjọ́ 1 oṣù January 1863, gbogbo ẹrú tó wà ní ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà ti di òmìnira. Ìkéde náà kò kan àwọn ìpínlẹ̀ ẹlẹ́rú tí wọn kò ya kúrò. Maryland tí mo ń gbé wà lára wọn. Ọjọ́ 1 oṣù November 1864 ni òfin tuntun tó tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa tí a ń gbé Maryland ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ ẹrú ni a kọ́lé sí.

Ọjọ́ Ajé: Chambersburg àti Gettysburg

Ẹ̀gbọ́n ní kí a gba Chambersburg kọjá nítorí Delany. A dé ìlú náà láago mẹ́jọ, a jẹ ẹyin, bisikí àti ọ̀dùnkún díndín, dọ́là 23 fún àwa méjèèjì. Kò sí ohun púpọ̀ láti rí, nítorí àwọn ọmọ ogun Gúúsù dáná sun àárín ìlú ní ọjọ́ 30 oṣù July 1864. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù June 1863 ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nígbà tí Lee kó ogun rẹ̀ wọ Pennsylvania, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń lé aláwọ̀ dúdú káàkiri oko àti òpópónà, wọ́n ń kó wọn bí ìkógun, tọmọdé tobìnrin. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ṣe ẹrú rí láyé wọn. Wọ́n dè wọ́n lọ sí Gúúsù. Ilẹ̀ òmìnira ni ìyá Delany ti sá wá sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n tún ń ká ènìyàn mọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí kí ó tó dé Gettysburg yóò wo pápá ibẹ̀ lọ́nà mìíràn. Wíwọ pápá náà kò la owó lọ, mùsíọ́mù nìkan ni wọ́n ń gbowó sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà níbẹ̀, ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 3 oṣù July 1863, iye tó kú, tó gbọgbẹ́ tàbí tí a kò rí mọ́ lápá méjèèjì jẹ́ bí 51,000. Òpó ìrántí pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ẹ lè kà tán lọ. Ẹ má gbìyànjú láti wò wọ́n tán.

Ilé pákó funfun kékeré kan wà lórí òkè tí àwọn ọmọ ogun Àríwá tò sí. Abraham Brian ló ni ín, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Kí Lee tó dé ló ti kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá, ó sì mọ ohun tó ń sá fún. Ní ọjọ́ kẹta, Lee rán nǹkan bí 12,500 ọmọ ogun la pápá gbalasa kọjá, oko Brian sì wà lára ibi tí wọ́n kọjú sí. Nǹkan bí ìdajì wọn ni kò padà bí wọ́n ṣe lọ. Nígbà tí Brian padà dé, ilé ti fọ́, òkú wà lóko. Ó bèèrè owó gbà-máà-bínú tó ju 1,000 dọ́là lọ lọ́wọ́ ìjọba. Dọ́là 15 ni wọ́n fún un.

Aláwọ̀ dúdú náà ni Basil Biggs tó ṣáájú àwọn tó wú òkú àwọn ọmọ ogun Àríwá tó ju 3,000 lọ kúrò nínú sàréè játijàti, tí wọ́n sì sin wọ́n sí itẹ́ òkú ńlá tí Lincoln ti wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù November ọdún náà. Ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà tí wọ́n ja ogun, itẹ́ òkú mìíràn ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, Lincoln Cemetery. Ẹ rí i pé ẹ dé ibẹ̀. A bá bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó ń gé koríko, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú wa yí ká láti orí òkúta kan dé èkejì, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ogun Gettysburg parí, ìlú Vicksburg ní Mississippi bọ́ sọ́wọ́ Grant, ọ̀gágun Àríwá. Ogun ti yí padà. Kì í ṣe Gettysburg nìkan ló yí i. Ọdún 1863 yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ ológun ní ojúlówó. Wọ́n tó 179,000 nínú ọmọ ogun orí ilẹ̀ kí ogun tó parí, bí 19,000 sì wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Dọ́là 13 lóṣù ni sójà funfun ń gbà, dọ́là 7 ló ń kan tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó aṣọ, títí di 1864. Delany lọ káàkiri láti kó wọn jọ, ọmọ rẹ̀ Toussaint sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú 54 ti Massachusetts.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ojú ọ̀nà lásán

Láti Gettysburg dé Hampton, gbogbo ọjọ́ la fi rìn. Gosiloo I-95 láyìíká Fredericksburg kò ṣe é fẹnu sọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ yáa tètè jí, kí ó ti kọjá kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Nígbà tí a dé itòsí ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti gba abẹ́ omi ní Hampton, a tún dúró fún bíi wákàtí kan. Ẹ̀gbọ́n sùn. Hòtẹ́ẹ̀lì wa, ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣiṣẹ́, wọ́n yí wa sí yàrá mìíràn láago mẹ́wàá alẹ́ láìsọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́rú: Fort Monroe

Bí ẹ bá ní àyè láti lọ síbì kan péré nínú gbogbo ibi tí mo kọ yìí, ibí ni kí ẹ lọ. Òfẹ́ ni. Odi òkúta ńlá ni, omi yí i ká, Òkun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Etíkun yìí náà ni ọkọ̀ kan ti kó àwọn ọmọ Áfíríkà bíi ogún wá ní oṣù August 1619, àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Virginia àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ogun kò tíì pé oṣù méjì ní oṣù May 1861. Virginia ti ya kúrò, ṣùgbọ́n odi yìí ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta, Frank Baker, Shepard Mallory àti James Townsend, ẹrú ni wọ́n, iṣẹ́ odi ogun àwọn Gúúsù ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe ní òdìkejì omi. Wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí North Carolina, kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Lóru ọjọ́ 23, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n tù ú wá síbí.

Wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa bá. Òfin ilẹ̀ náà ni pé kí wọ́n dá ìsáǹsá padà fún olówó rẹ̀, àwọn ọ̀gágun Àríwá mìíràn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olówó wọn rán ọ̀gá sójà kan wá pẹ̀lú àsíá funfun láti gbà wọ́n. Lọ́yà ni Benjamin Butler tó jẹ́ ọ̀gágun odi náà kó tó di sójà. Ó ní ṣebí ẹ̀yin ará Virginia sọ pé ẹ kì í ṣe ara wa mọ́, òfin wa kò bá yín wí nígbà náà. Ó ní ẹ̀yin náà ń pè wọ́n ní dúkìá, ẹ sì ń fi wọ́n jagun. Dúkìá tí a bá gbà lójú ogun kì í padà.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé gbogbo abúlé. Ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ti dé. Ìdílé ń bọ̀ tọmọ-tọmọ, tarúgbó-tarúgbó. Nígbà tí yóò fi di oṣù July, wọ́n ti tó 900. Ní oṣù August, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí ògiri odi náà, wọ́n ní nínú gbogbo ọdún tí àwọn fi kọ́ ọmọ ní ìtàn, Lincoln ni wọ́n kọ́ àwọn pé ó tú ẹrú sílẹ̀. Èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo ti wá gbà báyìí pé ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi tú ara wọn sílẹ̀. Lincoln kò tíì fẹ́ kí ogun náà jẹ́ ti ẹrú nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí wọ ọkọ̀. Àwọn ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú ìjọba tí kò fi sí ibi tí ó lè gbà yẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìkéde tó dé lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn wọn ló tọ̀.

A lọ sí Yunifásítì Hampton nírọ̀lẹ́ láti wo igi óòkù kan. Abẹ́ rẹ̀ ni Mary Peake, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira, ti kọ́ àwọn ìsáǹsá yìí ní ìwé ní 1861, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ka ìkéde Lincoln sí àwọn ará ibẹ̀ létí ní 1863. Àwọn ẹ̀ka rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n sì nà jáde débi tí gbogbo ìjọ kan lè jókòó sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá béèrè ibi tí a ti wá. Nígbà tí ó gbọ́ Abẹ́òkúta, ó ní kí ẹ̀gbọ́n tún un pè fún òun, ó sì júwe ilé oúnjẹ kan fún wa tó ń ta ẹja díndín, ẹ̀wà olójú dúdú àti ilá. Dọ́là 17 àwo kan. Ẹ̀gbọ́n jẹ ilá náà tán, wọ́n ní àbùkù rẹ̀ kò ju pé wọn kò fi ata sí i.

Ọjọ́bọ̀: Petersburg

Lọ́nà ibẹ̀, obìnrin kan ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́bàá títì, dọ́là 6 ni báàgì ńlá kan, ó sì fún wa ní èènì láìbéèrè.

Petersburg ni mo ti rí ohun tí ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ fún un: yàrà. Grant sàga ti ìlú náà láti June 1864 di April 1865. Lee wà nínú, ti Grant wà níta, kálukú ń wa yàrà. Ọ̀nà rélùwéè ló ń gbé oúnjẹ lọ sí Richmond, olú ìlú àwọn Gúúsù, Petersburg sì ni wọ́n ti pàdé. Ìdí tí Grant kò fi kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Kòtò ńlá kan wà níbẹ̀. Àwọn awakùsà láti Pennsylvania ló gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 500 lọ, títí dé abẹ́ yàrà àwọn Gúúsù, wọ́n sì to ẹ̀tù ìbọn tó wúwo tó pọ́n-ùn 8,000 síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti kọ́ láti ṣáájú. Nígbà tó ku ọ̀la, ọ̀gágun àgbà yí i padà, ó ní kí àwọn funfun tí wọn kò kọ́ rárá ṣáájú. Ẹ̀tù bú gbàmù ní òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù July 1864. Dípò kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kòtò kọjá, inú rẹ̀ ni wọ́n rọ́ wọ̀, ọ̀gá wọn wà lẹ́yìn, ó ń mu ọtí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ ni wọ́n wá rán àwọn aláwọ̀ dúdú wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ọwọ́ sókè pé àwọn túúbá, àwọn ọmọ ogun Gúúsù sì pa wọ́n síbẹ̀síbẹ̀.

Koríko ti bo kòtò náà, kò jìn mọ́ bíi tàtijọ́. Ẹnu ihò náà ṣì wà. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì: Richmond

Wíwá ibi ìgbọ́kọ̀sí ní àárín ìlú gba dọ́là 15 lọ́wọ́ wa. A kọ́kọ́ lọ sí Shockoe Bottom, níbi tí ọjà ẹrú wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n Lumpkin, oníṣòwò ẹrú, wà, tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́ kí wọ́n tó tà wọ́n lọ sí oko òwú. Mary Lumpkin, obìnrin tí Lumpkin fi ṣe ẹrú tó sì bímọ fún un, ló jogún ibẹ̀, ó sì fi yá àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹrú àná. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló di Virginia Union University.

Ère Lee tó wà ní Monument Avenue fún ọdún tó ju 130 lọ ti kúrò ní September 2021. Ẹ̀gbọ́n ní kí a kàn gba ibẹ̀ kọjá. A gbà á kọjá.

Ọjọ́ 3 oṣù April 1865 ni Richmond bọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára ọmọ ogun tó kọ́kọ́ wọ ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ni Garland White, àlùfáà ẹgbẹ́ ọmọ ogun 28. Nígbà tó wà lọ́mọdé ni wọ́n ti tà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Olówó rẹ̀ ni Robert Toombs ti Georgia, ẹni tó wá di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè àkọ́kọ́ fún ìjọba àwọn Gúúsù. White sá, ó di oníwàásù, ó sì wọ iṣẹ́ ológun. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọ Richmond, obìnrin àgbàlagbà kan ń bèèrè ọmọ rẹ̀ láàrin àwọn sójà. Ó bi í ní orúkọ, ó bi í níbi tí wọ́n bí i sí, ó bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ó sì sọ fún un pé òun ni ìyá náà. Nǹkan bí ogún ọdún tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. White fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, Lincoln wá, ó mú ọmọ rẹ̀ Tad lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ rin ìgboro. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni wọ́n yìnbọn fún un ní Washington.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Appomattox

Lójú ọ̀nà 460, táyà ẹ̀yìn wa jò. Táyà àfipamọ́ wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì kọ̀ láti tú. A ti dúró tó bí ìdajì wákàtí tí òyìnbó kan tó wa ọkọ̀ akẹ́rù fi dúró, ó mú irin gígùn kan bọ́ sílẹ̀, ó tú u, ó tún tẹ̀ lé wa lẹ́yìn títí dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ìlú tó wà níwájú. Táyà tuntun gba dọ́là 110. Ẹ yẹ táyà àfipamọ́ yín wò kí ẹ tó kúrò nílé, abúlé jìnnà sí ara wọn lápá ibẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń lọ.

Appomattox kò gba owó. Abúlé kékeré ni, ilé mélòó kan, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù April 1865, nínú pálọ̀ Wilmer McLean, Lee túúbá fún Grant. Grant ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn, kí wọ́n mú ẹṣin wọn lọ fún iṣẹ́ oko, ó sì fi oúnjẹ ènìyàn 25,000 ránṣẹ́ sí wọn nítorí ebi ń pa wọ́n. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wà lára àwọn tó dí ọ̀nà mọ́ Lee.

Ẹ béèrè Hannah Reynolds lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣàlàyé. Ẹrú ni. Àgbá wọlé bá a níbi tí àwọn olówó rẹ̀ fi í sí láti ṣọ́ ilé nígbà tí àwọn sá. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí Lee túúbá ló kú. Ó kú ní òmìnira.

Òmìnira kò dé ibi gbogbo lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ 19 oṣù June ni wọ́n tó kéde rẹ̀ ní Galveston, Texas, ọjọ́ 6 oṣù December 1865 sì ni Àtúnṣe Kẹtàlá sí òfin ilẹ̀ náà, èyí tó fi òpin sí ẹrú níní, fìdí múlẹ̀. Iye tó kú sógun náà kò dín ní 620,000, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ń sọ pé ó tó 750,000.

Epo tí a rà lápapọ̀ ń lọ sí 130 dọ́là. Oṣù May dára fún irú ìrìn-àjò yìí, ní July oòrùn ibẹ̀ le gan-an fún àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n ní Charleston ló kù. Ibẹ̀ ni ìbọn àkọ́kọ́ ti dún, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n rán Delany lọ lẹ́yìn tí Lincoln fi oyè mejọ̀ dá a lọ́lá ní February 1865, ó wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ẹrú kan níbẹ̀, Robert Smalls, wa ọkọ̀ ogun àwọn Gúúsù gba iwájú àgbá wọn kọjá lóru ní May 1862, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, ó sì fà á lé ọmọ ogun ojú omi Àríwá lọ́wọ́. Bí físà ẹ̀gbọ́n bá ṣì ní àkókò nínú, a ó lọ ní October. Ẹni tó bá mọ hòtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ní apá Beaufort ní South Carolina kan náà, kí ó jọ̀ọ́ sọ fún mi.